Jẹ́ Kí Ó Máa Tutù

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń bá ewéko sọ̀rọ̀. Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ni, wọ́n á tún máa fi fọ́tò rẹ̀ han ènìyàn nígbà oúnjẹ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ohun tó bá wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, ohun tó nílò ni mo máa ń fún un: omi, oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀, kí a sì yí i padà bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń jìyà jù. Bí mo ṣe tọ́jú igi àgbálùmọ̀ ọkọ mi fún ọdún mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo kí i ní ẹ kú àárọ̀.

Táòfíkì, ọkọ mi, ló gbìn ín. Ó ti Ìbàdàn dé ní oṣù Kẹta ọdún kan, nígbà tí mo sì fẹ́ fọ aṣọ tó wọ̀ dé, mo bá kóró àgbálùmọ̀ mẹ́rin nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní inú mọ́tò ni òun ti jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfúrufú, òun ò sì rí ibi tí òun máa da kóró sí. Mo ní kó lọ dà á nù. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ike yúgọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná mi. Mẹ́ta jẹrà. Ọ̀kan hù.

Camp Springs ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, là ń gbé, nítòsí ibùdó àwọn ọmọ ogun òfúrufú. Igi ilẹ̀ olóoru kò lè gbé ìta ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Kì í ṣe gbogbo òru òtútù ni omi ń dì. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá tí ojú ọjọ́ á kàn rí bíi ti ìgbà ọyẹ́, tí ènìyàn á fi máa rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n òru kan péré ti tó fún igi tí kò mọ ohun tí yìnyín ń jẹ́. Nítorí náà, Táòfíkì kan pákó mọ́ táyà kéékèèké mẹ́rin, ó gbé ìkòkò igi náà lé e. Ní oṣù Karùn-ún, á tì í jáde sí ẹ̀yìn ilé. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, á tì í wọlé sí yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn máa ń wọ̀ dáadáa. Á máa fi aṣọ nu ewé rẹ̀, á ṣí abẹ́ ewé náà tó ń dán bíi fàdákà hàn mí. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti fẹ́ ìyàwó kejì, pé ìyàwó náà sì ti ga jù mí lọ.

"Èyí tó bá kọ́kọ́ so," ló máa ń wí, "ìwọ ni wàá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí o sọ fún mi bóyá ó dùn àbí ó kan."

Àìsàn ọkàn ló pa á, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Igi náà ti pé ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, kò sì tíì so nǹkan kan. Ọlá, ọmọ wa kan ṣoṣo, wà ní Texas. Òun kò tilẹ̀ fẹ́ràn àgbálùmọ̀, ó ní ó máa ń lẹ ètè òun pọ̀. Bí igi ṣe di tèmi nìyẹn. Mo ń tì í jáde, mo ń tì í wọlé, ẹ̀yìn sì ń dùn mí.

Délọ́lá ni ọmọ àbúrò ọkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, Maryland níbí ni wọ́n bí i sí, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Fairwood ló ṣì ń gbé. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a sin Táòfíkì, ó wá bá mi, ó jókòó, ó ní gbogbo ohun tí àwọn àgbà sọ nípa Bìg Dádì, bó ṣe máa ń pe ọkọ mi, lọ́jọ́ ìsìnkú, kò yé òun. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun kàn ń wò wọ́n lẹ́nu. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí n jọ̀ọ́, Yorùbá nìkan ni kí n máa fi kọ̀wé sí òun.

Mo gbà. Ká sòótọ́, ó máa ń sú mi. Bí mo bá béèrè pé ṣé ó ti jẹun, ó lè tó wákàtí kan kí èsì tó dé, torí inú ìwé atúmọ̀ èdè orí fóònù ló ti ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èsì ń wá, ó sì ń dára sí i. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ó ti lè bá mi jà díẹ̀ lórí fóònù pé mi ò wá kí àwọn.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá tó kọjá, mo ń ti igi náà wọlé bí ìṣe mi ni mo rí nǹkan ní ìdí àwọn ewé rẹ̀. Òdòdó ni, tí kò tíì ṣí, tí kò tó orí ìṣáná. Mo wọ gíláàsì mi, mo tún un wò. Wọ́n pọ̀. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mi ò sì lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Inú mi dùn, ó sì dùn mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí igi yìí so, kí n tọ́ ọ wò, kí n sọ èsì tí Táòfíkì ní kí n sọ, bí kò tiẹ̀ sí ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Oṣù Kìíní ni ìyá mi ṣubú ní Ìbàdàn, egungun ìbàdí wọn kán. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo pe Délọ́lá pé kó máa wá wo ilé fún mi. Mo kọ ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Mo lè kà á lórí báyìí:

"Délọ́lá, bu omi sí ewúro àti ẹ̀fìnrín ní gbogbo Sátidé. Ti àgbálùmọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Jẹ́ kí ó máa tutù nígbà gbogbo. Má jẹ́ kí atẹ́gùn gbígbóná máa fẹ́ sí i."

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni mo ní lọ́kàn, torí ihò rẹ̀ kan wà ní yàrá ẹ̀yìn yẹn, ó sì máa ń gbẹ iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò. Ọjọ́ tí mo máa rìn, Délọ́lá wá gba kọ́kọ́rọ́. Àpótí kan ṣì wà tí kò fẹ́ ti. Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí fíríìjì, mo ní, "Ṣé o ti ka ìwé yẹn?"

"Mo ti kà á, ma."

"Ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, ma. I looked up everything."

Ní Ìbàdàn, ìyá mi ni mo gbájú mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Délọ́lá kọ̀wé sórí fóònù pé: "Ẹ kú àárọ̀, Bìg Mọ́mì. Àgbálùmọ̀ tutù dáadáa." Mo dá a lóhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa tutù bẹ́ẹ̀." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kọ ọ́ pé ó tutù gan-an. Mo ṣàdúrà fún un. Mo fi han ìyá mi pé ẹ wo Yorùbá ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ìyá mi ní kò burú.

Àkókò àgbálùmọ̀ ni, ó pọ̀ lójú títì. A jọ máa ń jẹ ẹ́ lórí ibùsùn wọn, èmi àti ìyá mi, a ó kó kóró rẹ̀ sínú abọ́, èmi á sì lọ dà á sórí ààtàn. Kò wá sí mi lọ́kàn kí n fi ẹyọ kan pamọ́. Mo ní igi nílé.

Délọ́lá ló wá gbé mi ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ̀rọ̀ láìdúró.

"Ilé yín wà okay, ma. Mo ṣe gbogbo ohun tó wà nínú paper. Ewúro yẹn ti tóbi gan-an."

"Àgbálùmọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà ní garage. Ewé ẹ̀ ti ń já bọ́ sha, like the maple tó wà ní iwájú ilé yín. You know, winter."

Mo rò pé èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa. "Ó wà níbo?"

"Garage, ma. Inú ilé yẹn gbóná jù. I cracked the door small, kó lè tutù dáadáa."

Bí a ṣe délé, mo lọ tààrà sí gáréèjì, yàrá tí à ń gbé mọ́tò sí. Gáréèjì mi kò ní ẹ̀rọ ìgbóná kankan. Ní ilẹ̀ yìí, bí ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù bá ti ka méjìlélọ́gbọ̀n, omi á dì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti wálẹ̀ dé mẹ́rìnlá fún òru mẹ́ta tẹ̀léra. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà ṣì le bí òkúta. Ewé tó kù lórí igi ti dúdú, wọ́n rọ̀ dirodiro. Mo fọwọ́ kan àwọn òdòdó yẹn, wọ́n sì ń já bọ́ sílẹ̀ bíi kóró ata.

"Ta ló ní kí o gbé e síbí?"

"Ẹ̀yin ni, ma."

Ó sáré lọ já ìwé náà wá láti ara fíríìjì. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ ní wínníwínní, bí ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ilé. Lókè "tutù", ó kọ "cold". Mi ò kà á nígbà yẹn. Inú ló ń bí mi, inú náà sì bí mi débi pé ohùn mi kò tilẹ̀ ròkè. Mo sọ fún un pé ẹni tí kò gbọ́ èdè kò yẹ kó máa ṣe bí ẹni tó gbọ́ ọ, pé ọdún mọ́kànlá ló pa yẹn.

Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Maybe you should just text me in English, ma."

Mo ní, "Bóyá bẹ́ẹ̀ ló yẹ."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mi lé orí tábìlì, ó lọ.

Ìgbà tí mo jẹun tán ni mo tó mú ìwé náà, mo kà á bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Mo ṣí fóònù, mo ka gbogbo ohun tí a ti bá ara wa sọ. Ó tutù. Jẹ́ kó máa tutù. Ó tutù gan-an. Ilẹ̀ tó mu omi, a ní ó tutù. Ọwọ́ tó ti inú fíríìjì jáde, a ní ó tutù. Ènìyàn tí kì í tètè bínú, tí kì í ṣe èmi, a ní ó tutù. Kí ni ọmọ náà fẹ́ fi mọ èyí tí mo ń wí?

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé iṣẹ́ mi ni. Ní ilé ìwòsàn, bí dókítà bá pàṣẹ lórí fóònù, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ka àṣẹ náà padà fún un. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ pé kíkà á padà lásán kò tó. Má dá ọ̀rọ̀ dókítà padà fún un, mo máa ń wí, sọ ohun tí ọwọ́ rẹ fẹ́ lọ ṣe. Délọ́lá dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi sì ń ṣàdúrà fún un.

Mo pè é lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ìwé tí mo kọ yẹn, àṣìṣe tèmi ni. Má bínú."

"It's fine, ma," ló sọ.

Láti ìgbà náà, èdè òyìnbó ni a fi ń kọ̀wé síra wa. Mo béèrè pé ṣé ó ti jẹun, èsì dé lójú ẹsẹ̀. Ó rọrùn gan-an. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ní ìparí oṣù Kejì, mo ti igi náà dé ẹ̀bá títì, níbi tí ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀ka igi á ti gbé e. Kò sí ewé kan lára rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá Délọ́lá rán an sí mi pé kó wá gba àpò tí mo bá wọn gbé bọ̀ láti ilé. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó dúró ti igi.

"Ẹ fẹ́ jù ú nù?"

"Ó ti kú."

"How do you know, ma? Gbogbo igi tó wà ní street yìí ló rí bẹ́ẹ̀."

Mo gbójú sókè. Òótọ́ ni. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ìkóríta, kò sí igi tó ní ewé kan lára. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn wọ̀nyẹn jẹ́ igi ibí, pé wọ́n mọ oorun òtútù í sùn, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọ́n máa jí. Tiwa kì í sùn. Bí ewé tiwa bá já bọ́ báyìí, ó parí nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ. Please, ma."

Mo ti rí ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí aláìsàn tó bẹ̀ báyìí lẹ́yìn tí dókítà ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. A kì í bá wọn jà. A máa ń fún wọn ní àga. Mo bá a gbé igi náà dùbúlẹ̀ sínú mọ́tò rẹ̀, orí igi yọ síta láti ojú fèrèsé, ó sì rọra wà á lọ sí Fairwood. Mo fọ ibi tí ìkòkò náà ti ń jókòó ní yàrá ẹ̀yìn, mo gbé àga síbẹ̀.

Oṣù Kẹta kọjá. Igi máápù iwájú ilé mi rú ewé ní oṣù Kẹrin. Mi ò béèrè, òun náà kò sì sọ nǹkan kan.

Ní oṣù Karùn-ún, ní ọ̀sán Sátidé kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, fóònù mi dún.

"Bìg Mọ́mì," ló ní, "ó tutù."

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú kí n tó mọ ohun tó ń wí. "Kí ló tutù?"

"Igi yẹn."

"Bí ó bá tutù, gbé e sínú oòrùn. Ṣé nítorí ẹ̀ lo ṣe pè mí ni?"

"Rárá, ma. Not cold. Not wet. Èyí tó ṣìkẹta nínú dictionary." Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. "Igi tútù. Kò gbẹ, ma. Kò gbẹ."

Mo wọ bàtà. Mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà dé Fairwood.

Ẹ̀yìn ilé wọn ni ìkòkò náà wà. Igi tó ga jù mí lọ ti di kùkùté tí kò tó ìka márùn-ún sókè iyẹ̀pẹ̀. Délọ́lá ní ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni òun máa ń fi èékánná ha èèpo rẹ̀ láti òkè. Ibi tí òun bá ti bá a ní gbígbẹ, òun á gé e kúrò, òun á bu omi sí i, òun á tún dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ó ní gbogbo igi tí òun mọ̀ láti kékeré, oṣù Karùn-ún ni òun fi máa ń mọ̀ bóyá wọ́n kú lóòótọ́.

Ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná ha ìdí kùkùté náà fún mi. Ó tutù. Abẹ́ èèpo náà jẹ́ àwọ̀ ewé, oje funfun sì sun jáde níbẹ̀, ó kóra jọ bí ẹ̀kán wàrà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ìpele iyẹ̀pẹ̀, nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan ti yọ orí, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Mo fọwọ́ kan oje náà, ó lẹ ìka mi méjì pọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń lẹ ètè Ọlá pọ̀.

Mo dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, mo jókòó lé e lórí koríko, mo sunkún. Mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin Táòfíkì. Àlejò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Délọ́lá dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

Nígbà tó ṣe, mo ṣírò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló gbà á kó tó fẹ́ tanná lẹ́ẹ̀kíní. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni màá jẹ́. Mo ti tọ́jú ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nílé ìwòsàn, mo sì ti tọ́jú àwọn tí wọ́n gbé jáde. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀kankan.

"Máa tọ́jú ẹ̀ níbí," mo ní. "Wàyí o, má dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi. Sọ ohun tí ọwọ́ rẹ máa ṣe."

Ó ronú. Ó ń wá ọ̀rọ̀, kò sì yọ fóònù. "Màá máa bu omi sí i. Màá fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹwàá, kí òtútù tó dé, màá gbé e wọlé. Mi ò ní gbé e lọ sí garage."

"Ó dáa."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo kùkùté yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ohun tí mi ò pèrò pé màá sọ.

"Èyí tó bá kọ́kọ́ so, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí o sọ fún mi bóyá ó dùn àbí ó kan."

"Kan?" Ó yí ojú sí mi. "Kan bíi one?"

"Rárá."

Ó ti fẹ́ yọ fóònù rẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi tí oje wà lára rẹ̀ bo ojú fóònù náà.

"Má wò ó níbẹ̀," mo ní. "Dúró dè é. Lọ́jọ́ tó bá so, bí mo bá wà níbẹ̀ àbí mi ò sí níbẹ̀, ẹnu rẹ á sọ fún ẹ."